Òǹkà Tí Kò Mọ Ẹni Kọkànlá

Kí n tó mọ orúkọ bàbá tó bí mi lódindi ni mo ti mọ òǹkà ilé wa. Ẹgbẹ̀jìlá ó lé ọgọ́fà. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń kà á bó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀. Ọwọ̀ á máa dún ṣáà, ṣáà, ẹnu rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e: “Ẹgbẹ̀jìlá ó lé ọgọ́fà. Ẹni méjì pín in, wọn ò jà. Ẹni mẹ́ta pín in, wọn ò jà. Ẹni mẹ́rin pín in, wọn ò jà.” Bó bá fi máa gbálẹ̀ dé ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á ti dé orí ẹni mẹ́wàá, á dákẹ́, á na ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi tí mo ṣì wà lórí ẹní, tí mò ń ṣe bí ẹni tó ń sùn, á máa dúró de ẹni kọkànlá. Kò kà á rí. Lẹ́yìn náà ni ariwo ilé á gbéra: ewúrẹ́ á máa fi ìwo kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní ilé kejì á wúkọ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ kó òkúta ní Onígbólò á sì máa kọjá lójú títì, tí àwọn abọ́ onírin á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọwọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, òǹkà yẹn ló ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí n tó rántí pé ilẹ̀ ti mọ́.

Iye ebè ẹ̀gẹ́ tí Baba, bàbá àgbà mi, máa ń kọ lọ́dọọdún ní oko wa ní Pobẹ̀, lójú ọ̀nà Igana, ni. Ìlà méjìlélógójì, ọgọ́ta ebè nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ́ kù, á fi gbin ata. Bí àgbàrá bá wó ebè, á tún un kọ. Bí ọ̀yà bá wọ inú ebè lọ jẹ ẹ̀gẹ́, ìyẹn ò kan ìpín, torí ọ̀rọ̀ Baba ni pé, “Ebè là ń pín, a kì í pín inú ebè.” Gbogbo ẹni tó bá ń gbé inú agbo ilé, tó ti tó ọkọ́ gbé, ló ní ìpín, ti àgbà kò sì ju ti ọmọdé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yan tirẹ̀ ní gàrí, kó yan án lọ tà ní ọjà Sakété. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ tirẹ̀ tán, àtòun àti ikùn rẹ̀. Bàtà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ lẹ́sẹ̀ láyé mi, inú ebè ni mo ti wú u. Ṣùgbọ́n iye ẹni tó wà nílé kì í dọ́gba. Lọ́dún kan a lè jẹ́ mẹ́rin péré, torí bàbá mi àti àwọn kan nínú ẹbí á ti kọjá sí Nàìjíríà lọ wáṣẹ́. Lọ́dún mìíràn a lè jẹ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí Baba bá ń kọ ebè, kò lè mọ iye ẹnu tí yóò wà nílé nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá gbó. Òǹkà yẹn ni kò jẹ́ kó máa da ara rẹ̀ láàmú. Iye yòówù ká jẹ́, láti orí ẹnì kan dé orí ẹni mẹ́wàá, á pín geere, kò ní ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Bí a bá ti jẹ ẹ̀bà tán nírọ̀lẹ́, tí a ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ lójúde, Baba a máa sọ bó ṣe rí i. Ó ní nígbà tí bàbá wọn kú, òun àti àbúrò òun, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Baba Àgùídì, pín ebè tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ebè kan ṣẹ́ kù. Baba ní kí àbúrò òun mú un. Àbúrò ní, “Ṣé agbe ni mí?” Ó ní kí Baba mú un. Baba náà ní òun kì í gba ìtọrẹ lọ́wọ́ ẹni tí òun gbé pọ̀n. Ebè náà wà níbẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Baba dóko tó rí ihò. Àbúrò ti wú u, ó ti kó ẹrù, ó ti gba ọ̀nà Sakété lọ, ó lọ tẹ̀dó sí Àgùídì. Wọn ò tún fojú kanra wọn mọ́. “Nítorí ebè kan,” Baba á sọ, á fi òkúta lu ẹ̀kùrọ́, kò! “Ẹyọ kan.”

Ní òjò ọdún yẹn ni Baba jókòó ti agbọ̀n ẹ̀kùrọ́, tó ń wá òǹkà tí kò ní ṣẹ́ kù. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ọgọ́ta, torí ọgọ́ta gba ẹni méjì, ó gba mẹ́ta, ó gba mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Ó dé orí ẹni méje, ọgọ́ta kọ̀, ẹ̀kùrọ́ mẹ́rin ṣẹ́ kù. Baba bá kó ọgọ́ta lọ́nà méje, ó di okòó-lé-nírinwó. Ẹni méje gbà. Ẹni mẹ́jọ kọ̀. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, òjì-lé-lẹ́gbẹ̀rin. Ẹni mẹ́jọ gbà. Ẹni mẹ́sàn-án kọ̀. Ó sọ ìyẹn náà di ìlọ́po mẹ́ta, ó sì bọ́ sórí ẹgbẹ̀jìlá ó lé ọgọ́fà. Ẹni mẹ́sàn-án gbà. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ wá ti ẹni mẹ́wàá, òun bá a níbẹ̀ pé ó ti jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹni mẹ́wàá jẹ́ àlejò tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó bá fẹ́ dán ẹni kọkànlá wò. Ó pín in, pín in, ẹ̀kùrọ́ kan ṣẹ́ kù. Ẹyọ kan. Ó ní òun wo ẹ̀kùrọ́ yẹn bí ìgbà téèyàn rí ejò, òun sì kó gbogbo rẹ̀ padà sínú agbọ̀n. Látìgbà náà ló ti di òfin ilé wa: òǹkà wa kò mọ ẹni kọkànlá. Èmi ò kàwé lọ títí, CM2, kíláàsì tó gbẹ̀yìn nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo ti kúrò, mi ò sì rántí púpọ̀ nínú ohun tí tíṣà fi èdè Faransé kọ́ wa nípa pínpín. Ṣùgbọ́n mo mọ pínpín. Ẹ̀kùrọ́ ló kọ́ mi.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, a pé mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Bàbá mi wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìyá mi wà nílé, Baba àti Màmá wà, Fofó wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta, àbúrò bàbá mi obìnrin tí à ń pè ní Táńtì wà, èmi Délé sì ni ìkẹwàá, àbíkẹ́yìn àwọn tó lè gbé ọkọ́. Fofó ni àgbà nínú àwọn ọmọ Baba. Àwọn Gùn la ti yá orúkọ yẹn fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, bí a ti yá Dàdá fún ẹ̀gbọ́n obìnrin, ó sì bá a mu, torí ẹ̀gbọ́n gbogbo ayé ló ń ṣe. Inú Baba dùn pé òǹkà kún. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí kó àmì jọ. Lọ́jọ́ ìpín, ṣe la máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àgbà níwájú, ọmọdé lẹ́yìn, a ó máa rìn látorí ìlà kan dé òmíràn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa fi àmì tirẹ̀ sórí ebè tó bá kàn án. Àmì Baba ni háríhá àgbàdo, ti Fofó ni èédú, ti Màmá ni ewé tíìkì. Tèmi ni èèpo ọsàn. Ó tó oṣù kan tí mo fi ń jẹ ọsàn ìdí ilé wa, tí mò ń sá èèpo rẹ̀ sórí páànù, tí mò ń gé e wẹ́wẹ́. Igba ó lé méjìléláàádọ́ta ni mo gé. Mo kà á, mo tún un kà, mo kó o sínú àpò gàrí kékeré kan. Òórùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi débi pé ewúrẹ́ ń tẹ̀ lé mi kiri.

Nígbà tí ìpín ku ọ̀la ni Àkànkẹ́ dé. A wà lóko, à ń ro ẹsẹ̀ ebè kí ọ̀nà lè mọ́, nígbà tí a rí ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpò kan lórí. Ó ju mí lọ ní bí ọdún mẹ́ta. Ètè rẹ̀ gbẹ, eruku pupa dé orúnkún rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ orúkọ rẹ̀. Màmá ò jẹ́ kó sọ ọ́. Òfin tirẹ̀ nìyẹn: “A kì í bi ikùn òfo ní orúkọ.” Ó wo yíká abà, kò sí oúnjẹ, a ti jẹ tán. Ó bá gbé ọkọ́, ó lọ sórí ebè tó súnmọ́ abà jù, èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìlà tó gbẹ̀yìn, ó wú u. Mo rí i. Gbogbo wa rí i. Kò sẹ́ni tó ronú òǹkà, torí àlejò ló wà níwájú wa, ẹ̀gẹ́ sì ti wà nínú iná. Màmá fọ́ àgbọn sí i, ọmọbìnrin náà jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìtìjú lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà láìsí ìtìjú. Nígbà tó mu omi tán ni Màmá wá bi í.

“Ta ni ọ́, ọmọ mi?”

“Àkànkẹ́ ni mí, Màmá. Ọmọ ọmọ Baba Àgùídì.”

Ọkọ́ dúró lọ́wọ́ gbogbo wa. Baba, tó jókòó lórí ìtì igi, ń bọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ sísun kan. Èèpo náà ti tán lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.

“Wọ́n ti lọ, Baba,” Àkànkẹ́ sọ. “Ní òjò tó kọjá. Wọ́n ní kí n wá sọ fún yín pé àwọn ò kàn jẹ ẹ̀gẹ́ ọjọ́ yẹn lásán. Wọ́n ní igi rẹ̀ làwọn gbìn sí Àgùídì. Òun ló bí gbogbo oko àwọn.”

Baba gbé ẹ̀gẹ́ náà kalẹ̀. Ó ní, “Ṣé ó gbó dáadáa kó tó lọ?”

“Ó gbó, Baba. Orí wọn funfun bíi tiyín.”

Ohun mìíràn tó gbé e wá ni pé obìnrin kan ní Pobẹ̀ gbà láti kọ́ ọ níṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n ó ní kó kọ́kọ́ ní ibi tí yóò máa sùn. Kò mọ ẹlòmíràn ní Pobẹ̀ ju ìran wa lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń ya omi nínú ìkòkò nígbà tí mo gbọ́ tí Fofó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé ìdáná: “Ìran wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n máa wú ebè olóhun lọ. Bàbá rẹ̀ àgbà wú kan, ó sá. Òun náà dé, wọ́n wú kan fún un kó tó sọ orúkọ.” Níta, ó lọ bá Baba, ó ní, “Baba, kì í ṣe pé mo kórìíra ọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá di ará ilé, ẹni kọkànlá nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé òǹkà ò mọ̀ ọ́n. Bí a bá pín tán lọ́la, kí alùpùpù zẹ́mì gbé e padà sí Àgùídì.” Baba ní, “Kó sùn ná. Ọ̀la á dé.” Kò gbà, kò kọ̀. Àkànkẹ́ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àpò rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tú u.

Ilẹ̀ mọ́, a tò. Mo wà ní ìdí ìlà pẹ̀lú àpò èèpo ọsàn mi. Ìrì tutù lẹ́sẹ̀, Táńtì ń kọrin, Fofó ń yẹ̀yẹ́ mi pé ewúrẹ́ yóò jẹ gbogbo ìpín mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlà kan tán, a bọ́ sí èkejì, títí oòrùn fi gun orí. Nígbà tí a dé ìlà tó gbẹ̀yìn, tí ìkẹsàn-án fi àmì rẹ̀ sílẹ̀, tó wá kàn mí, ihò ni mo bá. Èèpo ọsàn kan wà lọ́wọ́ mi, kò sí ebè tí màá gbé e lé.

Mo wo ẹ̀yìn. Àkànkẹ́ wà lẹ́nu abà, ó gbé akèrègbè omi dání kó lè fún wa mu. Mo sọ èèpo ọsàn yẹn lù ú. Ó bà á nígbá àyà, ó sì bọ́ sílẹ̀. Mo ní, “Ìran yín ò mọ̀ ju kí wọ́n máa wú ebè olóhun lọ.” Ọ̀rọ̀ Fofó ni, mi ò tiẹ̀ pààrọ̀ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló gbà jáde, lójú gbogbo ilé, sí ẹni tó gbé omi fún mi. Kò bú mi. Ó gbé akèrègbè kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà dànù, ó wọ inú abà lọ gbé àpò rẹ̀. Fofó gan-an ni ojú tì. Ó ń wo ilẹ̀. Ìyá mi gbá mi létí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dùn mí bíi pé Màmá ò bá mi wí rárá. Ó kàn wò mí, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

“Délé, wá mú ọ̀kan nínú tèmi,” Baba sọ.

“Rárá,” Màmá ní. “Ẹni tó bá fún èèyàn ní ebè kan, yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Baba, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù.”

Baba gbọ́. Ó ní kò burú, òun ò gba ìpín lọ́dún yìí, kí àwa mẹ́sàn-án pín tòun. Igba ó lé méjìléláàádọ́ta pín sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ó fún wa ní méjìdínlọ́gbọ̀n-méjìdínlọ́gbọ̀n, kò ṣẹ́ kù. Inú wa dùn, títí Táńtì fi ní, “Ẹ dúró ná. Délé ṣì dín.” Òótọ́ ni. Àwọn yòókù ní ọ̀rìn-lé-rúgba, tèmi dín kan. Fofó ní, “Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ọ̀kan nínú ti Baba kó lè dọ́gba, ká tó pín ìyókù.” A ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyókù yí ká tán, ẹnì kan ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Fofó fúnra rẹ̀ sì lẹni náà. Táńtì rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sórí ebè. Màmá náà fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó ku ẹni mẹ́jọ, ọ̀rìn-lé-rúgba fún wa ní márùndínlógójì-márùndínlógójì, ẹnì kan sì tún dín. Baba jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìka yàwòrán sínú erùpẹ̀. Ó rí i kó tó ṣàlàyé fún wa. Òǹkà tó gba gbogbo ènìyàn, bó bá ti sọ ẹyọ kan nù, gbogbo ènìyàn ni yóò kọ̀. Bó ku ẹni méje, ẹnì kan á dín. Bó ku ẹni méjì, ẹnì kan á dín. Ó ní, “Ohun tí mo fi gbogbo òjò wá, ó ti yí padà sí mi lọ́wọ́.” Ohùn rẹ̀ kéré. Mo rò pé ihò tó wà níwájú wa kọ́ ló ń wò, ti ìgbà yẹn ni.

Àkànkẹ́ ti gbé àpò lé orí. Ó ti kúnlẹ̀ kí Baba pé ó dàbọ̀, ó ti ń dìde, nígbà tí Màmá fi ọkọ́ gún ilẹ̀.

“Láti àárọ̀ lẹ ti ń yọ èèyàn kúrò,” ó ní. “Baba kúrò, mo kúrò. Ṣé kò sẹ́ni tó lè fi èèyàn kún un ni?”

Fofó ní, “Màmá, òǹkà ò mọ ẹni kọkànlá.”

“Òǹkà tó pé ni kò mọ̀ ọ́n. Èyí ò pé.”

Baba gbé orí sókè. Ó pa gbogbo ohun tó yà sínú erùpẹ̀ rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Fún ẹni kọkànlá, ẹ̀kùrọ́ kan ló ṣẹ́ kù láyé ọjọ́un. Ẹyọ kan yẹn ni Màmá wú lánàá, ẹyọ kan yẹn ló wà níkùn ọmọbìnrin yìí. Ó ń kà á sínú. Lẹ́yìn náà ló tún un ṣe, ó ní, “Igba ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kálukú.” Ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. “Kò ṣẹ́ kù.”

Ẹ má rò pé ayọ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Fofó ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. “Ìyẹn ni pé kí kálukú yọ mẹ́tàlélógún nínú tirẹ̀. Baba, nítorí ebè kan, kí n fi mẹ́tàlélógún sílẹ̀?”

“Ebè kan tí ẹ ti ń ké lé lórí láti àná bí ẹni pé ìlú jóná,” Táńtì dá a lóhùn. “Fofó, ẹ yọ èédú yín kúrò jàre, kó má baà ba ojú ebè jẹ́.”

Ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ. Ó ń rìn láàárín ìlà, ó ń ṣa àmì rẹ̀. Baba tẹ̀ lé e, Màmá tẹ̀ lé e, ìyàwó Fofó lọ kí ọkọ rẹ̀ tó lọ. Fofó dúró pẹ́ díẹ̀, ó wo Àkànkẹ́, ó wo ihò, ó họ orí. Ó ní, “Ìwọ, ṣé o lè rán ṣòkòtò ọkùnrin tán?” Àkànkẹ́ ní òun ò tíì bẹ̀rẹ̀, Fofó. Ó ní, “Bó o bá bẹ̀rẹ̀, mẹ́tàlélógún ni gbèsè rẹ,” ó bá wọ inú oko lọ, ó ń ṣa èédú. Ó kàn mí. Mẹ́tàlélógún ni kálukú yọ, ṣùgbọ́n èmi, méjìlélógún ni, torí mo ti dín kan tẹ́lẹ̀. Ihò tó mú mi sunkún náà ló dín ohun tí mo ní láti fi sílẹ̀. Mo ṣa èèpo ọsàn méjìlélógún. Níbi tí mo bá ti yọ èèpo, Àkànkẹ́ ń tẹ̀ lé mi, ó ń fi àkísà tó ya lára aṣọ ìborí rẹ̀ síbẹ̀. A ò bára wa sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ebè méjìlélógún tó fún èèyàn láti sọ ọ̀rọ̀ kan, mi ò sì rí i sọ. Nígbà tí a dé èyí tó gbẹ̀yìn, ìpín rẹ̀ àti tèmi dọ́gba, ti gbogbo wa dọ́gba, Baba sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ níbi ihò yẹn. A rò pé ó ṣubú. Ó ń kí àbúrò rẹ̀ ni. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ń gbálẹ̀, mo wà lórí ẹní. Ó kà á dé ẹni mẹ́wàá. Ọwọ̀ dúró, mo gbọ́ tó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá ní, “Ẹni kọkànlá, bí ẹ bá ti bọ́ àlejò, ẹ pín in.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà wa. Ẹgbẹ̀jìlá ó lé ọgọ́fà la ṣì ń kọ, ṣùgbọ́n bí ìpín bá ku ọ̀la, ebè tó gbẹ̀yìn, a ó wú u fún ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà kọjá. Awakọ̀ akẹ́rù ti jẹ ẹ́ rí. Ìyá kan tó ń ta oògùn ìbílẹ̀ láti Nàìjíríà ti jẹ ẹ́ rí. Lọ́dún tí a bá jẹ́ mọ́kànlá, ó máa ń dọ́gba. Lọ́dún tí a kò bá jẹ́ mọ́kànlá, ẹni tó bá wà ní ìdí ìlà á dín kan, kò sì sẹ́ni tó ń sunkún sí i mọ́. Òun là ń pè ní olùgbàlejò ọdún náà, wọ́n á sì fi àgbọn fún un. Baba ti lọ bá àbúrò rẹ̀. Àkànkẹ́ ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì lẹ́bàá ọjà Pobẹ̀ báyìí, ó ti rán ṣòkòtò Fofó débi tí Fofó fi ń sọ pé òun ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èmi ń gun zẹ́mì, mò ń fi alùpùpù gbé èrò láti Pobẹ̀ dé Sakété, nígbà mìíràn dé Àgùídì. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, mi ò dúró ní ìdí ìlà mọ́. Bí mo bá wà nílé lọ́jọ́ ìpín, mo máa ń wá ọgbọ́n kan dá láti wà láàárín. Àkànkẹ́ ti dúró ní ìdí ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Kò dárúkọ èèpo ọsàn fún mi rí.

Lọ́dún yìí, ìyàwó mi gbé ọkọ́ nílé wa fún ìgbà àkọ́kọ́, a sì di méjìlá. Mo jókòó pẹ̀lú ẹ̀kùrọ́ nírọ̀lẹ́ láti wò ó, ó sì yà mí lẹ́nu pé òǹkà Baba mọ ẹni kejìlá. Igba ó lé mẹ́wàá fún kálukú, kò ṣẹ́ kù. Ó ti mọ̀ ọ́n látilẹ̀, ẹni kọkànlá nìkan ni kò mọ̀. Bí a kò bá wú ebè àlejò, gbogbo wa á dọ́gba. Mo sọ ọ́ fún Màmá. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbálẹ̀. Ó ní, “Ó dára. Ta ló máa wú ti àlejò lọ́la?” Mo ní èmi ni.

Mo wú u. Ọmọ ilé-ìwé méjì tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Igana ló jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ ìpín, nígbà tí wọ́n ń tò, mo lọ sí ìdí ìlà. Ìyàwó mi ní kí n wá síwájú òun, mo ní kó máa lọ. Igba ó lé mẹ́wàá èèpo ọsàn wà nínú àpò mi, mo gé gbogbo rẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀. Oòrùn gun orí, ìlà tán, Àkànkẹ́ tó wà níwájú ìyàwó mi fi àkísà rẹ̀ sórí ebè tó kàn án, ó yí padà, ó rí mi níwájú ihò pẹ̀lú èèpo kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wò mí. Mo ní, “Dàdá Àkànkẹ́, ẹ jọ̀ọ́.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi tán sí.

Ó na ọwọ́ gba èèpo ọsàn náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e símú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó ní, “Olùgbàlejò, wá jẹ àgbọn.”